Asimawu Tó Ná Títì

Títí dòní, bí wọ́n bá dárúkọ Asimawu oníyẹ̀yẹ́, tó ń ta gàrí ní Òkè-Sopen, ìtàn títì ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ. Láńre, òṣìṣẹ́ tí ìjọba rán wá láti Abẹ́òkúta pé kó wá ṣètò ìlú, dúró níwájú àwọn ará àdúgbò, ó ní títì tuntun máa fẹ̀ tó ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà. Kálukú nínú gbọ̀ngàn ìpàdé ń ro ilé rẹ̀ tí wọ́n máa wó. Asimawu tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní òun fún un ní ogún.

"Ìyá, títì kì í ṣe gàrí," ni Láńre wí.

"Ohun tó bá ti ní iye, a lè ná an. Yèsí ló fẹ́ fi ọgọ́ta sá eré ìje níbí?"

Láńre rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ló ti ṣìṣe, nítorí nídìí ọjà, ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni yóò dín in. Ó ní àádọ́ta. Asimawu gbé báàgì, ó rọra ń lọ bí oníbàárà tó mọ̀ pé wọ́n á pe òun padà. Gbogbo àdúgbò dìde tẹ̀ lé e, àti lémọ́ọ̀mù àti kátíkíìsì. Ó wá ku Láńre àti máàpù rẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti sáré síta, ó ń ké pé, "Ìyá, ẹ padà, ẹ mú owó wá."

Ogójì ni wọ́n parí rẹ̀ sí, àwọn ọ̀gá Láńre sì gbà. Ṣùgbọ́n Asimawu ní èènì òun kù: ìdérí gọ́tà, nítorí àwọn ọmọdé, àti iná kan ní ìkóríta. Láńre ní ìjọba kì í fi èènì sí i. Asimawu ní ìdí nìyẹn tí ọjà wọn kì í fi í tà.

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Dókítà ní kó gba abẹ́rẹ́ márùn-ún, ó ná an sí méjì, ó sì tún gba oògùn ikọ́ lé e.

Ọjọ́ tí wọ́n ń ta okùn sílẹ̀ láti fi wọn títì, wọ́n dé kọ́nà kan tí kò gba ogójì náà. Lápá kan ni ilé Zechariah, kátíkíìsì tí òun àti Asimawu kì í kí ara wọn láti ìgbà tí ewúrẹ́ rẹ̀ ti jẹ gàrí tí ìyá náà sá sóòrùn. Ilé kan ṣoṣo tó ní láyé nìyẹn. Lápá kejì ni ṣọ́ọ̀bù Asimawu, tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ. Láńre ń retí ìdúnàádúrà.

Asimawu wo ṣọ́ọ̀bù náà títí.

"Dede wa pátá la jọ ra ọjà yìí," ló wí. "Ẹ fa okùn yín sọ́dọ̀ mi. Èènì tèmi nìyẹn."

Kò ná an rárá. Zechariah, tí ìwàásù rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀, kàn wọlé. Ó gbé àga jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ní kí Asimawu wá máa tajà níbẹ̀. Ìyá yẹ àga náà wò yíká, ó ní tìmùtìmù rẹ̀ ńkọ́.

Ibẹ̀ ló ti ń tajà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Láńre yà níbẹ̀. Nimotalahi, ọmọ Asimawu, ló wà lórí àga náà. Láńre ní kó wọn kóńgò gàrí kan fún òun, ó na owó sí i, ṣùgbọ́n Nimotalahi kò gbà á.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò ní ná an ni?"

Láńre fẹ́ràn ìyá náà, kò sì sọ fún un rí. Ó fẹ́ dárúkọ ìdajì owó, ẹkún kò jẹ́. Nimotalahi nu ojú tirẹ̀ náà, ó bu èènì lé gàrí.

Láti inú yàrá ni ohùn Zechariah ti jáde.

"Ìyẹn kéré, Nimotalahi. Ìyá rẹ kì bá tí gbà á."