Orúnkún Ìyá Oníbéèrè

Ọdún kọkànlélógún rèé tí Ìyá Oníbéèrè ti ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn o. Àwọn tó ń bi ní ìbéèrè ló fún un, ó sì ti mọ́ ọn lára bí ẹ̀wù iṣẹ́. Fọ́ọ̀mù yunifásítì ló ń gbé kiri, tí á máa bi àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe fọkàn tán kánsù ìlú wọn tó, láti oókan dé àrùn-ún. Oókan, wọn ò fọkàn tán an rárá. Àrùn-ún, wọ́n fọkàn tán an pátápátá. Àwọn kan á ní kó jókòó, àwọn kan á ní kó máa lọ, ajá ẹlòmíì á sì lé e dé títì. Gbogbo rẹ̀ náà niṣẹ́.

Ìlú méjì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbà á síṣẹ́ ń fi wéra lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀kan nísàlẹ̀ òkè, ọ̀kan lórí òkè. Òfin kan náà ló de àwọn méjèèjì, àmọ́ àwọn ará òkè ń tú jáde dìbò, àwọn ará ìsàlẹ̀ ń jókòó sílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í fi ọ̀nà kan ṣoṣo wá ìdí ọ̀rọ̀. Ó ní iye lásán máa ń sọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó, kì í sọ ohun tó fà á. Ìtàkùrọ̀sọ máa ń sọ ohun tó fà á, kì í sọ bó ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà, bí Ìyá Oníbéèrè bá ti kó iye wálé, akẹ́kọ̀ọ́ kan á padà lọ bá ogún èèyàn nínú wọn jókòó, wọ́n á máa rò ó títí, ẹ̀rọ á sì máa gba ohùn wọn sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Oníbéèrè ló kù tó ń gbọ́ ohùn wọ̀nyí, tó sì ń tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà.

Nísàlẹ̀, mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló fọkàn tán kánsù. Lókè, mẹ́sàn-án. Ìyanu ibẹ̀ ni pé àwọn ará òkè yìí kan náà, bí wọ́n bá ti jókòó tán, wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi ń bú kánsù. Inú Ọ̀jọ̀gbọ́n dùn débi pé kò lè jẹun ọ̀sán. Ó ní ìfẹ́ ẹbí nìyẹn, pé èèyàn lè máa ráhùn sí ẹbí rẹ̀ kó sì fọkàn tán an. Ó ti kọ ọgọ́rin ojú ìwé lórí rẹ̀. Ó sì ti ṣèlérí pé bí ìwé náà bá parí, Ìyá Oníbéèrè á ní tábìlì tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, iṣẹ́ ìjókòó, títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì. Kò sí ohun tí obìnrin yìí fẹ́ láyé ju tábìlì yẹn lọ. Dókítà ti sọ fún un pé orúnkún òsì rẹ̀ ti jẹ tán.

Orúnkún yìí ló kó bá a. Ìlú òkè, àtẹ̀gùn ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó lọ kó iye níbẹ̀, tó di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ wú, kò ṣe é tẹ̀ mọ́lẹ̀. Akọ̀wé kánsù, èèyàn jẹ́jẹ́ kan báyìí, rí i níbi tó jókòó sí lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ẹ má gun àtẹ̀gùn kankan mọ́, Mà," ló wí. "Èmi á bá yín pe àwọn tí ẹ fẹ́ bi wá sí gbọ̀ngàn kánsù."

Ọjọ́ mẹ́ta ni igba èèyàn lé méjìlá fi ń wọlé, tí wọ́n ń jáde. Òfin iṣẹ́ náà ni pé ilé oníkálukú ni kó ti bi í, àmọ́ níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀, "nílé" ló kọ. Ó ní gbọ̀ngàn náà ṣáà ní òrùlé. Fún ogún ọdún, kò kọ irú rẹ̀ rí.

Kò tún ronú kan ọ̀rọ̀ náà mọ́, àfi ìgbà tó ń tẹ ohùn tó gbẹ̀yìn, ti télọ̀ obìnrin kan ní òkè kẹta pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Akẹ́kọ̀ọ́ bi í pé ṣebí àrùn-ún ló fún kánsù. Télọ̀ rẹ́rìn-ín.

"Àrùn-ún kẹ̀? Akọ̀wé kánsù fúnra ẹ̀ ló ń bu omi fún wa, ó dúró sẹ́yìn àga. Ọwọ́ ẹ̀ ni ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ta ló máa pe oókan lójú ẹ̀? Ojú lọ̀rọ̀ wà, àbúrò mi. Àti pé ìyá tó ń bi wá yẹn, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá sísọ. Àánú ẹ̀ ṣe wá. A ní ká má dá a dúró."

Ìyá Oníbéèrè yọ ẹ̀rọ kúrò létí. Ìlà márùn-ún péré ni. Bó bá fò ó, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ láéláé. Kò tẹ ohunkóhun mọ́ lọ́jọ́ náà, ilé ló lọ.

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ń fi òróró ra orúnkún náà nírọ̀lẹ́. "Gbogbo ayé lo bi ní ìbéèrè tán," ló wí, "o ò bi orúnkún ẹ rí." Kò rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì í. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ti ṣàánú rẹ̀, òun sì ti fi àánú wọn purọ́ mọ́ wọn.

Láàárọ̀, ó tẹ ìlà márààrún, ó gbé e fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì dúró.

"Kí lèyí, Mà?"

Ó rò ó fún un láti orí dé ìdí. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé ìwé tó ti kọ.

"Ọgọ́rin ojú ìwé ni mo ti kọ."

"Mo mọ̀, sà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kò sì mẹ́nu bà á. "Ta ló máa wá padà gòkè lọ báyìí? Kò sówó tá a máa fi gba ẹlòmíì."

"Èmi náà ni, sà."

Lọ́jọ́ kẹta, ó gun àtẹ̀gùn télọ̀, ó ń sinmi ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Télọ̀ rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

"Ẹ̀yin náà tún ni, Mà? Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí. Ẹ má wo tẹsẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Láti oókan dé àrùn-ún, báwo lẹ ṣe fọkàn tán kánsù tó?"

Télọ̀ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹnì kan tẹ̀ lé e wá. Kò sẹ́nì kankan.

"Oókan," ló wí.

Ìyá Oníbéèrè kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ "nílé" sí ibi tó yẹ. Lẹ́yìn náà, ó di ọwọ́ àga mú, ó dìde, ó sì béèrè lọ́wọ́ télọ̀ bóyá ilé tó kàn náà ní àtẹ̀gùn.