Dúrótoyè Tó Ń Kó Ará Sango Lọ Wo Ẹfọ̀n

Nígbà tí ètò Sáàpù tí ìjọba fi já owó náírà wálẹ̀ dé, tí ilé-iṣẹ́ tí Dúrótoyè ti ń ṣe ike ní Sango kò rí èlò rà mọ́, wọ́n ní kí ó lọ sinmi díẹ̀ nílé. Ìsinmi náà di ọdún kan. Ọmọ ọdẹ Ìgbòho ni, ó sì mọ igbó ẹranko tó wà lápá ọ̀dọ̀ wọn bí ẹni mọ yàrá ìyá rẹ̀. Ló bá sọ ọ́ di iṣẹ́: òun yóò máa kó ará Sango lọ wo ẹranko nínú igbó.

“Ebi tó ń lé wa kiri níhìn-ín ò wá tó ẹranko?” Fàlílù tó ń lẹ táyà ní Ojú Ore ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn obìnrin tó ń di bisikíìtì ní ilé-iṣẹ́ kan ló kọ́kọ́ gbà láti bá a lọ. Mùíbátù, ìyá ẹgbẹ́ wọn, ló sọ ọ́ dáadáa: “Ọdọọdún la máa ń pa màlúù. Ọdún yìí, apá wa ò ká màlúù. Ẹ jẹ́ ká kúkú lọ wo ẹran tí kò lẹ́ni tó ni ín.”

Morónfólú ìyàwó Dúrótoyè kò rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní bí ẹnì kan ṣoṣo bá fara pa tàbí tó sọnù, kò sẹ́ni tí yóò tún tẹ̀ lé ọkọ òun dé ibì kankan, oko ẹ̀gẹ́ ní Ìgbòho ló sì kàn wọ́n. Dúrótoyè mọ̀ pé òótọ́ ni.

Nínú bọ́ọ̀sì J5, Dúrótoyè, tó jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, gbàdúrà, ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má pariwo. Ni ẹnì kan bá béèrè pé, “Bàbá Yẹ́misí, bí a bá gbọ́ orúkọ wa nínú igbó ńkọ́?”

Ta ni kò mọ̀ pé èèyàn kì í jẹ́ ìpè nínú igbó láìrí ẹnu tó pè é? Dúrótoyè rẹ́rìn-ín. “Onígbàgbọ́ ni mí. Kò sí nǹkan kan nínú igbó tó ń pe èèyàn. Kí ẹni tí wọ́n bá pè máa dáhùn.”

“Ìyá mi ò fi ìyẹn kọ́ mi,” ni Mùíbátù wí.

Wọ́n dé igbó, wọ́n tọ ipasẹ̀ ẹfọ̀n lọ sétí odò. Dúrótoyè bojú wẹ̀yìn, kò rí Mùíbátù. Wọ́n ní ó yà sẹ́yìn igbó láti tura.

“Ìyá Ẹgbẹ́!” ni Dúrótoyè pè. Ó tún pè é. Kò sí ìdáhùn.

“Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu,” ni Kùdírátù, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, wí. “Bó bá tiẹ̀ gbọ́ yín, kò ní dáhùn.”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́?”

“Ẹ pè wá wò.”

Ó fi wọ́n sọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́ igbó tó bá wọn wọlé, ó dá wọnú koríko gíga. “Olúwa,” ó ní, “èmi ni mo kó wọn wá.” Ó wá rántí pé ó ti gbàdúrà nítorí iṣẹ́ ike náà, ọ̀run sì dákẹ́ bí igbó yìí ṣe dákẹ́.

“Bàbá Yẹ́misí.”

Ohùn wẹ́lẹ́ ni, láti ẹ̀yìn koríko. Ó dúró. Ẹnu tó fi wàásù nínú bọ́ọ̀sì wúwo bí ọlọ. Bí kò bá sí ohun tó ń pe èèyàn, kí ló wá dé tí òun dákẹ́?

“Bàbá Yẹ́misí, ṣé o gbọ́?”

Ó wúkọ́. Ikọ́ kì í kúkú ṣe ìdáhùn.

“Ta ló ń wúkọ́ níbẹ̀ yẹn?”

Dúrótoyè ro bí òun yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Sango, tí àwọn ọmọ Mùíbátù yóò dúró ní gáréèjì tí wọn yóò máa wo ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ó di ojú. “Èmi ni. Mo ń bọ̀.”

Ẹ̀yìn òkìtì ọ̀gán ni Mùíbátù lóṣòó sí, ó fi ìka lé ètè. Ó nawọ́ sí odò. Agbo ẹfọ̀n ń mumi níbẹ̀, dúdú minimini, etí wọn ń lé eṣinṣin.

“Mò ń pè yín,” ni Dúrótoyè sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Mo gbọ́. Mo ti ka Bisimilááhì tán kí n tó gbójú gbóyà pè ọ́. Ìwọ tó o ní ká máa dáhùn, kí ló dé ẹ?”

“Mò ń gbàdúrà ni.”

“Ikọ́ lò ń pè ní àdúrà?”

Ó rọra padà lọ kó àwọn yòókù wá. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Èjìká ni ó ń fọwọ́ kàn. Gbogbo wọn rí ẹfọ̀n, Kùdírátù pàápàá pa ẹnu mọ́.

Lójú ọ̀nà bọ́ọ̀sì, Mùíbátù fà á sẹ́yìn. “Nígbà tó o dáhùn yẹn, ṣé ó ti dá ọ lójú pé èmi ni?”

“Rárá, mà.”

“O wá dáhùn?”

“Mi ò lè dé Sango láìsí yín.”

Ó rìn síwájú díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. “Àwọn ẹbí mi kan wà ní Adó-Odò, wọ́n fẹ́ràn ìrìn àjò. Bí a bá ti túnu ààwẹ̀ tán, màá kó wọn wá fún ọ.”