Lorna Vandersloot Ṣírò Àǹfààní Ọmọ Tirẹ̀

Ohunkóhun tí ẹ bá ń ṣe, ẹ fi sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́ ti Lorna Vandersloot. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ni.

Òun ni olùdámọ̀ràn kan ṣoṣo ní ilé-ìwé girama ìlú wa, láàárín oko àgbàdo Iowa níbí. Gbé máàkì ọmọ rẹ síwájú rẹ̀, á sọ bí àǹfààní ọmọ náà ṣe tó láti wọ yunifásítì èyíkéyìí, bí ẹni ń sọ bóyá òjò máa rọ̀. Kì í fi oyin sí i. Pásítọ̀ dá a dúró lẹ́yìn ìsìn nítorí ọmọ rẹ̀. Lorna ní kó máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n kó tún wá ilé-ìwé míì kún un. Ọdọọdún ló sì ń kìlọ̀ fáwọn òbí pé kí ẹnikẹ́ni má lẹ àmì yunifásítì mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò kí lẹ́tà ìgbaniwọlé tó dé.

Àfi ìgbà tó kan Greta, ọmọ tirẹ̀. Yunifásítì ńlá kan wà lápá ìlà-oòrùn, tó jẹ́ pé bí ọgọ́rùn-ún ọmọ bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, bóyá ni mẹ́rin ń wọlé. Ibẹ̀ ni Lorna fẹ́. Greta ń fẹ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, lábẹ́ ètò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tayọ: kíláàsì wọn kì í kún, ilé-gbígbé wọn sì dá wà. Ìyá ò gbọ́. Lóṣù kẹwàá, a jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, àmì ilé-ìwé ìlà-oòrùn ti wà lẹ́yìn mọ́tò Lorna. Ó ní gíláàsì ló sán tóun fi bò ó. Kò sẹ́ni tó rí ibi tó sán.

Greta ò jà. Ó gba àyè lọ́dọ̀ akọ̀wé ilé-ìwé láti rí olùdámọ̀ràn bíi gbogbo ọmọ yòókù, ó wọ ọ́fíìsì ìyá rẹ̀, ó jókòó.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Mìsíìsì Vandersloot."

"Greta, ṣé kì í ṣe èmi ni mo dín ẹyin fún ọ láàárọ̀ yìí ni?"

"Ìyá mi nìyẹn, mà. Olùdámọ̀ràn ni mo wá rí."

Ó béèrè bí àǹfààní òun ṣe tó ní ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún. Lorna wúkọ́, ó ní ogójì nínú ọgọ́rùn-ún.

"Cody kíláàsì wa tí máàkì ẹ̀ bá tèmi dọ́gba ńkọ́? Mélòó lẹ sọ fún un?"

Lorna wo fèrèsé. "Márùn-ún."

"Márùndínlógójì tó lé yẹn, ṣé ti ìyá mi ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Lorna, ó gbé e mì. Greta wá sọ pé ọjọ́ náà gan-an ni ètò àwọn tó tayọ máa tilẹ̀kùn, lẹ́tà olùdámọ̀ràn nìkan ló sì kù. Lorna ní ibẹ̀ kéré jù. Ibẹ̀ lòun náà ti kàwé, bàbá Greta nìkan lòun rí mú wálé.

"Mà, ẹ sọ àǹfààní mi níbẹ̀ fún mi bẹ́ ẹ ṣe ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ."

Lorna yọ awò ojú rẹ̀. "Àádọ́rùn-ún. Ó kéré tán."

Ó kọ lẹ́tà náà, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ, títí ó fi kọ ọ́ pé: èmi ni mo bí ọmọ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo bí máàkì rẹ̀.

Ètò àwọn tó tayọ gbà á. Yunifásítì ìlà-oòrùn tí ìyá rẹ̀ ní kó kọ̀wé sí kọ̀ ọ́. Lorna sunkún, Greta ló ń nu ojú fún un.

Bí ẹ bá rò pé mo ń bù mọ́ ọn, ilé-gbígbé àwọn tó tayọ kò jìnnà, ẹ yà síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ máa bá ìyá Greta níbẹ̀, tó ń ṣírò fáwọn ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ bóyá wọ́n lè di dókítà. Ẹ lọ fojú ara yín rí i.