Orúkọ Àkọ́bí Nísàlẹ̀ Ojú Ewé

Alágídí ni mí nígbà ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́. Ó ku ọdún bíi méjì kí a wọ ẹgbẹ̀rúndún tuntun, mo ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, l'Ádó-Èkìtì. Àwọn ọmọ ìlú wa tó wà lókè òkun gba àyè kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí a máa fi ìròyìn ilé síbẹ̀: ta ló ṣègbéyàwó, ta ló kú, ìgbà wo ni ìsìnkú. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú. Òun ló ń kọ ìròyìn, èmi ni mo ń sọ ọ́ di ojú ewé. Bí mo bá ṣe tán, n ó kó o sínú dísìkẹ́ẹ̀tì, n ó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, kí n tó lè fi í ránṣẹ́.

Irinṣẹ́ méjì ló wà níwájú mi, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, inú síídì kan tó bá ìwé ìròyìn òyìnbó wá ni mo ti rí wọn. Ọ̀kan ni PHP. Nínú rẹ̀, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀lé àti ọ̀rọ̀ tí èèyàn yóò kà jọ wà lójú kan náà, bíi gààrí tí a ti po ṣúgà mọ́. Ó yá lọ́wọ́ gan-an. Èkejì jẹ́ irinṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Perl kọ. Ìyẹn ya ojú ewé sọ́tọ̀ pẹ̀lú àwọn àlàfo tí a sọ lórúkọ, ó sì fi àṣẹ sínú fáìlì mìíràn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló gbà lọ́wọ́ mi kí ó tó ṣiṣẹ́, inú sì ń bí mi sí i.

Mo tẹ méjèèjì sórí ìwé fún Bàbá. Wọ́n gbé PHP sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fi ìka tọ́ka sí èkejì. "Àlàfo orúkọ olóògbé rèé. Ti àwọn ọmọ rèé. Àkọ́bí ńkọ́?" Wọ́n fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kan sókè, wọ́n kọ "àkọ́bí" sí i. "Fún un láyè tirẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà ló máa kà á, ẹ̀yin kọ́."

"Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́..."

"Ohun a fagbára mú ní í nini lára. Mo ti gbọ́, sà."

PHP ni mo mú. Inú mi dùn pé mo borí wọn. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Kò pẹ́ tí ìyá àgbà kan kú nílùú. Àkọ́bí rẹ̀, aránṣọ kan tó dúró nílé tọ́jú ìyá nígbà tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ orúkọ àwọn ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wá bí wọ́n ṣe bí wọn tẹ̀léra. Ṣùgbọ́n mo ti fi àṣẹ kan sínú ojú ewé pé kí orúkọ máa tò ní a-b-d, bíi ti rẹ́jísítà kíláàsì. Mo rò pé ìmọ́tótó ni. Lẹ́tà Y ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ obìnrin náà.

Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ojú ewé náà jáde, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó kó o wá sílé, wọ́n sì pín in ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú. Iwájú ni aránṣọ náà jókòó sí tó ti rí orúkọ ara rẹ̀ lábẹ́ ti àbíkẹ́yìn. Ìbátan kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá, tí kò mọ̀ ọ́n rí, bi í bóyá ìyá kan náà ló bí i pẹ̀lú àwọn tó kù.

Lọ́jọ́ Ajé, aránṣọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo. "Fi ibi tí o kọ mí sí hàn mí."

Mo ṣí fáìlì náà. Ó tẹjú mọ́ àwọn àmì dọ́là àti àkámọ́ tó kún inú rẹ̀. "Níbo ni mo wà nínú eléyìí, ọmọ mi?"

Mo gbé ìka sókè, n kò rí ibi tí n ó nà án sí.

Ó fi èdè ìlú wa, níbi tí ìyá ti ń jẹ́ iye, wí pé, "Gbogbo wọn lọ. Ulé ni mo wà. Èmi ni mo pa ojú iye mi dé."

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Mo wá ìwé tí Bàbá fi pẹ́ńsùlù kọ, mo sì fi irinṣẹ́ kejì tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Àlàfo àkọ́bí wà lókè níbi tí wọ́n fà á sí. Mo tún lọ sí Ìbàdàn, mo tẹ ojú ewé tuntun, èmi àti Bàbá sì jọ mú un lọ sí ìsọ̀ aránṣọ náà.

Ó fi ìka lé orúkọ rẹ̀ lókè, ó kà á sókè, ó sì kí Bàbá kú iṣẹ́.

"Ó dáa báyìí," ó wí. "Ṣùgbọ́n àwọn tó ka ti ìjọ́sí ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù."

Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi í sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ.