Ìlà Funfun tí Jimoh Fà sí Gáréèjì Ìjerò

Ẹni tó bá ń ka àwọn tó mọ ìtọ́jú èrò ọkọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n dé Arámọko, tí kò dárúkọ Jimoh, kò tíì kà á tán. Ọmọ Òṣogbo ni. Ìdí rélùwéè ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ darúgbó kí ó tó bá Amudalat ìyàwó rẹ̀ wá sí Ìjerò, ìlú àwọn àna rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà ni kí ó máa wò ó pé èrò kankan kò kọjá ìlà funfun tó wà létí ojú irin. Bí Jimoh bá wúkọ́ lásán, odindi èrò Iléyá a sún sẹ́yìn. Àgbò tí wọ́n fà lọ́wọ́ náà a sún.

Ní Ìjerò ńkọ́? Eunice ni èrò ń gbọ́ tirẹ̀. Obìnrin yìí ti ṣe kọ́ńdọ́ ọkọ̀ rí, tíkẹ́ẹ̀tì ló ń já ní gáréèjì báyìí. Bí ó bá ní, "Ẹ̀yin ará Ìdó-Ilé, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," wọn a bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn a tún kí i. Kíkí yẹn gan-an ló ń ta Jimoh lára bí ata.

"Ṣé ó tilẹ̀ rí ọkọ̀ ojú irin rí ni?" ló máa ń bi ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ jẹun, Bàbá Habeeb. Owú kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ dùn lẹ́nu."

Nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, alága gáréèjì ní òun ń wá ẹni tí yóò máa mójú tó ibi tí èrò ń dúró sí. Jimoh kò dúró kí wọ́n pe òun. Ó gbé ọ̀dà funfun dé, ó fa ìlà láti ìdí ògiri dé ẹnu ọ̀nà, ó kó gbogbo èrò sẹ́yìn rẹ̀. Ìlà náà gún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìẹ ń tọ̀ ọ́ lọ.

Eunice wò ó títí. "Bàbá Rélùwéè, ṣebí ẹ̀yìn ìlà yín yìí ni ọkọ̀ máa ń fi ìdí gbà wọlé."

"Ìwọ ni yóò kọ́ mi níṣẹ́ mi?"

Kò pẹ́ ni bọ́ọ̀sì Arámọko bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Amudalat tó ń lọ sí ìlú Ara wà níbẹ̀, ó kọjú síwájú bí ọkọ rẹ̀ ti pàṣẹ. Iwájú ni Jimoh náà ń wò. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì rí rélùwéè tó kúrò lórí irin wá èrò wá sẹ́yìn. Eunice ló sáré, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀ gbàgbàgbà, tó ń ní, "Dúró, èèyàn ń bẹ lẹ́yìn." Ọkọ̀ dúró nígbà tí ìdí rẹ̀ ti kan ìborùn Amudalat.

Amudalat gbé ẹrù rẹ̀, ó kọjá lórí ìlà ọkọ rẹ̀, ó lọ dúró ti Eunice. Gbogbo èrò tẹ̀ lé e.

"Bàbá," ni alága wí, "ta ni kí á fún níṣẹ́ náà?"

Orúkọ ara rẹ̀ ti wà lẹ́nu Jimoh, ṣùgbọ́n ó tún wo ibi tí ìyàwó rẹ̀ dúró sí.

"Ẹ fún Eunice," ló wí. Kò fi "ó kú iṣẹ́" kún un. Owú kò jẹ́.