Ìkúnlẹ̀ Níwájú Láptọ́ọ̀pù

Ta ló ń kúnlẹ̀ fún láptọ́ọ̀pù? Èmi ni o!

Fóònù mi ló bàjẹ́. Ni mo bá ki módẹ́mù tí síìmù mi wà nínú rẹ̀ bọ láptọ́ọ̀pù lórí tábìlì, mo fi pe ìyá ọkọ mi ní Fìdítì. Bí wọ́n ṣe gbé e báyìí, mo ti wà lórí orúnkún. Ó ti mọ́ mi lára.

"Ìyàwó mi, kí ló dé tí ohùn ẹ jìnnà?"

"Mo kúnlẹ̀ ni, mà. Ẹ̀yin lẹ wà lórí tábìlì."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Màmá gbọ́ ọ.

"Dìde, jókòó sórí àga. Kí ẹlẹ́rìn-ín yẹn wá dọ̀bálẹ̀ dípò ẹ!"

A sọ̀rọ̀ pẹ́ o. Àyà ọkọ mi wà nílẹ̀, mi ò sì kánjú rárá.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ta ló tún ń kúnlẹ̀ lórí fóònù? Ẹ má purọ́ o!