Nígbà Tí Ẹ́ńjìnì Bá Dákẹ́

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń sọ pé ariwo ọkọ̀ Marks Gate ní Lọ́ńdọ̀n níbí yìí kì í jẹ́ kí ẹ sùn, ẹ ò tíì gbọ́ ariwo. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ kékeré, inú igbó ńlá kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú là ń gbé, torí agégẹdú ni bàbá mi. Ayùn ẹlẹ́ńjìnì ló fi ń gégi, ẹ́ńjìnì la sì máa ń pè é. Láti àárọ̀ tí ìrì ò tíì gbẹ ni ohùn rẹ̀ ti máa ń dé àgọ́ wa.

Bí ẹ́ńjìnì bá ń dún, ọkàn ìyá mi á balẹ̀. Bó bá dákẹ́, á dúró sójú kan, ì báà jẹ́ ata ló ń lọ̀. Iṣẹ́ gẹdú kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Igi lè yí padà ṣubú síbi téèyàn ò rò, a sì mọ ilé tí wọ́n ti gbé òkú baálé wá látinú igbó yẹn. Torí náà, àdéhùn wà láàárín àwọn méjèèjì. Nígbàkígbà tí ẹ́ńjìnì bá dákẹ́, bàbá mi á fi gbogbo ohùn ké: "Mo wà o!" Ìyá mi á dáhùn: "A gbọ́ o!" Ọwọ́ ẹ̀ á wá padà sórí ọlọ. Èmi náà máa ń bá a ké e, ó dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Bó bá ń gégi, ó dún dáadáa, àmọ́ bí bàbá mi bá ti dẹwọ́ kí ẹ́ńjìnì lè rọra mí, á wúkọ́, pú-pú-pú, á sì kú. Bàbá mi á ké pé òun wà, á tún fa okùn ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì á tún kú. Nígbà tó yá, ó kú, a ò gbọ́ ìpè kankan. Ìyá mi ló kọ́kọ́ ké "A gbọ́ o!" bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Igbó pa lọ́lọ́. Ló bá ju ọmọ ọlọ sílẹ̀, ó gbá mi lọ́wọ́ mú, a sáré. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sunkún.

A bá bàbá mi lórí kùkùté, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó gbé ìgò kan sójú oòrùn, ó ń wò ó. Ó ti fọ asẹ́ tí ẹ́ńjìnì fi ń mí, ó ti nu púlọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnì ò gbà. Ìgbà tó da pẹtiróòlù sínú ìgò ló tó rí i pé omi òjò ti wọ inú kẹ́ẹ̀gì tó ń kó epo sí, ó lọ jókòó sísàlẹ̀. "Wò ó," ló sọ fún mi, "omi yìí ló ń fún un lọ́rùn." Ìyá mi ò wo ìgò kankan. "Ṣé ẹnu yín ti kú ni, Bàbá? Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ó bínú títí, ó sì ń sunkún bó ṣe ń bínú. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi ò gbàgbé ìpè yẹn mọ́, títí tó fi darúgbó tó sì kú jẹ́ẹ́ lórí ibùsùn ara rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjì wó igi ẹ̀yìnkùlé wa lé ọgbà aládùúgbò. Ọkọ ọmọ mi lọ yá ayùn ẹlẹ́ńjìnì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Creekmouth. Mò ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnì ni mo gbọ́ ọ: pú-pú-pú, ó kú. Ó fà á, ó tún kú. Àyà mi já. Àgbà bí tèmi! Mo wọ́ bàtà ilé jáde. Ó ti yí nọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n fi ń dín ìró rẹ̀ kù síwá sẹ́yìn, ó ti sú u.

"Mọ́mì, ẹ wọlé jàre, òtútù wà."

Mo ní kó mú ife gíláàsì wá, kó da pẹtiróòlù sí i. Kò pẹ́, omi hàn kedere nísàlẹ̀. Mo bi í pé kẹ́ẹ̀gì wo ló lò, ó fọwọ́ họrí. Kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà tá a gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni! Omi díẹ̀ ló kù níbẹ̀, kò sì lè da omi tí wòlíì gbàdúrà sí sílẹ̀, ló bá da pẹtiróòlù lé e. Ó tún ní ṣebí ìbùkún ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ká sọ òótọ́, èmi náà ò ní dà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n ǹ bá ti mu ún.

A dà á kúrò nínú ẹ́ńjìnì, a po pẹtiróòlù tuntun mọ́ ọ́ìlì, ó fà á, ó gbà, ó ń rọra kùn láìwúkọ́. Áà, ẹ̀yin ọmọ, àárò àwọn òbí mi sọ mí lọ́jọ́ yẹn. Mo padà sídìí ẹ̀wà mi, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí n lè máa gbọ́ ọ.

Lóde òní, bí ọmọ bá dé ibi iṣẹ́, á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé òun ti dé, ẹ ó wò ó, ó parí. Ó dáa, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ohùn èèyàn ni àwa ń dúró dè, gbogbo ara la sì fi ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọkọ ọmọ mi pa ẹ́ńjìnì. Ẹ̀yìnkùlé pa lọ́lọ́. Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà. Mo dúró títí, kí n tó mọ̀, mo ti ké e gba ojú fèrèsé: "A gbọ́ o!"

Ọkọ ọmọ mi yíjú sókè. "Mọ́mì, ta lẹ ń dá lóhùn?"